Fírídọ̀mù ti parí, owó irinṣẹ́ kò sí: ohun tí oníṣẹ́ igi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá kápẹ́ńtà. Wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún un, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí ayùn, kò sí ìfági, kò sí tábìlì tí yóò gbé pákó lé. Gbogbo irinṣẹ́ tó fi kọ́ṣẹ́, ti ọ̀gá ni. Ní Sábó, yálà ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ń gun ọ̀kadà báyìí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ igi ò wù wọ́n, owó irinṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Owó irinṣẹ́ ọ̀hún sì ti le sí i. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà nínú ìsọ̀, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọlé. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, tí báńkì àpapọ̀, CBN, jọ̀wọ́ náírà sọ́wọ́ ọjà, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Láàárín ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Ìdí nìyẹn tí klámpù irin, fáìsì àti ìfági tuntun fi di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò látòkèèrè.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ mọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ni wọ́n ń rà. Èyí tó pọn dandan láti rà kò pọ̀: ayùn, òòlù, ìfági, chisel kan tàbí méjì, téépù, àti òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin. Èyí tó kù, igi ni wọ́n fi ń ṣe é, oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni kéèyàn mọ èyí tó lè ṣe fúnra rẹ̀ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ dán wò rárá, torí pé irinṣẹ́ àtọwọ́dá kan wà tó máa ń gba ìka lọ́wọ́ ẹni.

Kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa

Ẹni tó bá wọ ilé àgbẹ̀dẹ yóò rí i pé alágbẹ̀dẹ ni oníṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ ara rẹ̀ kó tó ṣe ti ẹlòmíràn. Ọmọ owú tó fi ń lu irin, ẹ̀mú tó fi ń di irin gbígbóná mú, nínú iná kan náà ni wọ́n ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ọkọ́ àgbẹ̀, àdá, àti ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ igbá fínfín ní Ọ̀yọ́ fi ń ya ọnà sára igbá. Lóde òní, sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe é, irin tó dáa gan-an ni. Agbẹ́gilére ń gba irin lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ èkù tí yóò fi sí i, kó lè bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mu. Irinṣẹ́ tó bá bá ọwọ́ mu kì í tètè rẹ èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aláṣọ òfì. Ẹ wo òòyà tí fọ́nrán òwú ń gba àárín rẹ̀ kọjá lórí òfì. Òòyà yẹn ló ń mú kí ìbú aṣọ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ojú ẹni tó ń hun ún. Bí ahunṣọ bá ń sùn tó ń jí, ìbú aṣọ ò ní yí padà. Máòdù búlọ́ọ̀kù náà nìyẹn: ẹni tó ń po yanrìn àti sìmẹ́ńtì ò fi téépù wọn búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ gbogbo wọn jẹ́ ínǹṣì 9 tàbí ínǹṣì 6 bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ igi ní òkè òkun ń pè ní jig gan-an nìyẹn. Kì í ṣe jígí tí a fi ń wo ojú o. Ohun tí wọ́n ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ni, tó ń darí ayùn tàbí tó ń di igi mú sí ààyè rẹ̀, tí iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kọgọ́rùn-ún yóò fi jọ ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ní jig tó dáa ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó gún.

Tábìlì iṣẹ́ ló kàn

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bẹ́ńṣì ìjókòó tàbí lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn ló sì ń jìyà rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ kan tábìlì iṣẹ́ dúró ṣánṣán, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ̀ wálẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá dé ni ojú tábìlì yẹ kó dé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn máa ń wà láàárín ínǹṣì 32 sí 36. Ẹni tó máa ń lo ìfági jù lè dín in kù díẹ̀, torí ara ló fi ń ti ìfági, kì í ṣe apá nìkan. Bí tábìlì bá ga jù, èjìká á máa ro èèyàn. Bó bá kúrú jù, ìbàdí ni.

Gígùn ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ìbú ẹsẹ̀ bàtà 2 tó fún yàrá kan tàbí ẹ̀yìnkùlé. Kí pákó ojú rẹ̀ nípọn tó ínǹṣì 2, nítorí tábìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń fò sókè bí wọ́n bá lu òòlù lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tín-ínrín: pákó 2 by 4 méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ di ẹsẹ̀ kan tó nípọn dáadáa. Apá wúwo, ó sì le, ó dára fún un bí owó bá wà. Afàrà náà yóò ṣe é. Ẹni tí kò lówó rárá lè wá igi òrùlé ilé tí wọ́n wó. Irú igi bẹ́ẹ̀ ti gbẹ tán láti ọdún gbọọrọ, kò ní lọ́ mọ́, èyí tó dára ju pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlagi jáde lọ. Kí wọ́n ṣáà yọ gbogbo ìṣó inú rẹ̀ kí ayùn tó kàn án.

Ibi tí tábìlì àtọwọ́dá ti sábà ń kùnà ni oríkèé rẹ̀. Ìṣó nìkan ò lè di ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ mú. Bí wọ́n ṣe ń ti ìfági síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́, ìṣó á máa tú díẹ̀díẹ̀, tábìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín àgbà. Ọ̀nà tó dáa ni kí wọ́n gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ahọ́n igi ìdábùú wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dán níbi ihò gbígbẹ́ lè lo bóòtù àti nọ́ọ̀tì, tó bá yá kó fún wọn sí i. Igi ìdábùú tó so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nísàlẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, wọ́n sì lè to àwọn igi tó ṣẹ́kù lé e lórí kí tábìlì wúwo sí i.

Fáìsì ńkọ́? Wọn ò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n kan igi pẹlẹbẹ kékeré kan sí ìkángun tábìlì ní ọwọ́ òsì, fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Pákó tí wọ́n ń fá á ti orí mọ́ ọn, kò ní lè sá lọ. Kí ó má nípọn ju pákó tí wọ́n ń fá lọ, kí ìfági má baà kọlù ú.

Klámpù náà, igi lè rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á kan igi méjì mọ́ ojú pákó líle kan, wọ́n á to pákó tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ pọ̀ sáàárín wọn, wọ́n á wá gbá wéèjì wọ àlàfo tó kù. Irú wéèjì tí àwọn onílọ́rì ń fi sẹ́yìn táyà lórí òkè náà ni, ṣùgbọ́n kékeré. Bí wọ́n bá ṣe ń gbá a tó ni pákó yóò ṣe máa fún mọ́ra tó. Fún ohun tó bá rí roboto tàbí ẹsẹ̀ àga tó là, túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa jù: wọ́n á nà án, wọ́n á wé e yíká, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta irú túùbù bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n a tiẹ̀ fi tọrẹ.

Báwo ni èèyàn ṣe ń rí ohun tó gún láìní ohun tó gún?

Ìbéèrè yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹni tó fẹ́ ṣe rúlà igi tó gún nílò rúlà tó gún láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àbí? Rárá o. Pákó mẹ́ta ló máa ṣe é.

Ẹ mú pákó gbígbẹ mẹ́ta tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ kọ nọ́ńbà 1, 2 àti 3 sí wọn lára. Ẹ fá etí nọ́ńbà 1 àti nọ́ńbà 2 títí wọn yóò fi pàdé, tí wọ́n bá gbé méjèèjì sójú oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ ò yọ láàárín wọn mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí, nítorí nọ́ńbà 1 lè yọ ikùn, kí nọ́ńbà 2 sì tẹ̀ wọnú, kí wọ́n bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fá nọ́ńbà 3 kí òun náà bá nọ́ńbà 1 mu. Ẹ wá gbé nọ́ńbà 2 àti nọ́ńbà 3 kojú ara wọn. Bí nọ́ńbà 1 bá yọ ikùn ní tòótọ́, àwọn méjì tó kù yóò tẹ̀ wọnú, àlàfo ńlá á sì hàn láàárín wọn. Ẹ fá wọn padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára wọn mu ní gbogbo ọ̀nà, kò sí bó ṣe lè ṣeé ṣe bí kò ṣe pé wọ́n ti gún. Ọgbọ́n yìí náà ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Joseph Whitworth ṣàlàyé ní ọdún 1840 nígbà tó ń fi irin ṣe ojú títẹ́jú fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tiẹ̀ kàn jẹ́ irin tí wọ́n ń ha díẹ̀díẹ̀ ni.

Square náà ní ìdánwò tirẹ̀. Kí wọ́n gbé e ti etí pákó tó gún, kí wọ́n fa ìlà kan, kí wọ́n yí square náà padà sí ìhà kejì, kí wọ́n sì fa ìlà mìíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá gun ara wọn, square dáa. Bí wọ́n bá ya ara wọn, ìdajì àlàfo àárín wọn ni àṣìṣe square ọ̀hún. Ìdánwò yìí yẹ fún square tí wọ́n rà nínú ọjà pàápàá, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló gún, owó yòówù kí wọ́n dá lé e. Fún nǹkan ńlá bíi férémù ilẹ̀kùn tàbí ojú tábìlì, ọgbọ́n àwọn bíríkìlà ni kí wọ́n yá: wọn 3 sí apá kan, wọn 4 sí apá kejì, bí igun bá gún, láti ìkángun kan sí èkejì yóò jẹ́ 5 géérégé.

Jig méjì tó ń pa owó wọlé

Èyí àkọ́kọ́, wákàtí kan ò tó láti fi ṣe é. Pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8, tó gùn ní ínǹṣì 12. Wọ́n á kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀ ní ìkángun kan, wọ́n á sì kan òmíràn sókè ní ìkángun kejì. Igi ìsàlẹ̀ á há mọ́ etí tábìlì, tòkè á di igi tí wọ́n fẹ́ gé mú. Ọwọ́ òsì á máa ti igi mọ́ ọn, ọ̀tún á máa fi ayùn gé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń fi orúnkún di igi mú lórí bẹ́ńṣì kó tó gé e yóò mọ rírì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá fi ayùn la ojú ihò tó gún kan sára igi tòkè yẹn, ihò náà á máa darí ayùn, igi gígé á máa gún láìfi square sí i.

Èkejì jẹ mọ́ iṣẹ́ tó pọ̀. Ká ní wọ́n gbé iṣẹ́ àga ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá fún ọ̀dọ́ kan, ẹsẹ̀ ogójì nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á fi í wọn èkejì, wọ́n á fi èkejì wọn ẹ̀kẹta. Ìjàǹbá ni. Bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá fi ìdajì mílímítà péré gùn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ìlà pẹ́ńsù, ẹsẹ̀ ogójì á ti fi nǹkan bíi mílímítà 20 gùn ju ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó máa jókòó sórí àga bẹ́ẹ̀ tí kò ní fì. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni kí wọ́n fi wọn gbogbo yòókù. Èyí tó dáa jùyẹn lọ ni kí wọ́n kan igi ìdádúró sórí jig tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, sí ibi tó jìnnà sójú ayùn bí ẹsẹ̀ àga ṣe gùn tó. Wọ́n á ti pákó títí yóò fi kan igi ìdádúró, wọ́n á gé, wọ́n á tún ti òmíràn. Téépù á wà nínú àpò. Kí wọ́n ṣáà máa gbá lẹ́búlẹ́búgi kúrò lẹ́nu igi ìdádúró, torí díẹ̀ tó bá há síbẹ̀ á mú kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e kúrú.

Ìka ọwọ́ ò ní àpáàtì

Ẹni tó bá ń gbé pákó lọ sídìí ẹ̀rọ ìlagi, tàbí tó ti ní ẹ̀rọ ayùn tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní igi ìtìgi. Igi lásán ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n gé ẹnu kan sí i bí ẹnu ẹyẹ. Ẹnu yẹn ló ń ti pákó kọjá lára ayùn nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán, kí ọwọ́ má baà sún mọ́ ayùn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àjákù pákó ni. Síbẹ̀, òun gan-an lọ̀pọ̀ ò ní. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ wọn ti ní ìbòrí àti ìdáàbòbò, ayùn orí tábìlì ṣì ń ṣe nǹkan bí 30,000 èèyàn léṣe lọ́dún. Ìdílé ló ń bọ́ lára ìka ọwọ́ kápẹ́ńtà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n jìnnà sí pátápátá ni kí wọ́n máa de abẹ ayùn igi mọ́ fílíǹgì maṣíìnì tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin. Wọ́n ń ṣe é, nítorí fílíǹgì maṣíìnì pọ̀ lọ́jà ju ayùn ẹ̀rọ lọ. Àmọ́ fílíǹgì kékeré máa ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ayùn ẹ̀rọ onígi sábà ń yí ní nǹkan bí 5,000 sí 6,000. Eyín ayùn lè já, ó lè ta bí ọta. Bó bá sì kọ lára igi, maṣíìnì á fò padà sí ẹni tó dì í mú. Ìsọ̀ wà tó ń ta abẹ irú èyí. Pé wọ́n ń tà á ò sọ pé ó dáa.

Fáìlì àlòkù náà gba ìṣọ́ra. Àwọn kan ń pọ́n ọn di chisel. Irin rẹ̀ le jù: bí wọ́n bá fi òòlù lù ú, ó lè fọ́, kí èérún rẹ̀ wọ ojú. Kí wọ́n gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ nínú iná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí koríko gbígbẹ, tàbí kí wọ́n kúkú ní kó fi sípíríǹgì ọkọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ikán ló kù. Tábìlì tó bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ lásán. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé búlọ́ọ̀kù tàbí páálí irin àlòkù, kí wọ́n fi ọ́ìlì tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ínǹṣì 6, kí wọ́n sì tún un kun nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rúlà igi àti square àtọwọ́dá, inú ilé ni kí wọ́n máa gbé kọ́, kì í ṣe lára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń pa, torí oòrùn á lọ́ wọn, iṣẹ́ pákó mẹ́ta á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.